Kóòdù tí kò dé

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Mo kí yín láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin. Aṣọ ni mò ń rán. Ímeèlì sì ni àwọn oníbàárà mi tó wà ní Kútọnu àti Èkó fi ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n yí ojú rẹ̀ padà. Bọ́tìnì tí mo fi ń kọ lẹ́tà ti kúrò lókè, ó bọ́ sísàlẹ̀. Ìyẹn ò le, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n.

Ààbò tuntun ló dà mí láàmú. Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ò tó mọ́, àfi kí wọ́n fi kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó lè wọlé, ránṣẹ́ sórí fóònù. Nọ́ńbà àtijọ́ olóǹkà 8 ló sì wà lọ́wọ́ wọn! Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà wa ní Benin ti di olóǹkà 10, tí 01 ń ṣíwájú. Mo jókòó ti fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú, ìwọ̀n aṣọ ìyàwó kan wà nínú ímeèlì tí mi ò lè ṣí. Ọmọ àbúrò mi ló rántí pé ímeèlì mi ṣì wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ la ti tún nọ́ńbà náà ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ gàdàgbà kí àwọn ìyá wa tí ọmọ ló bá wọn ṣí ímeèlì lè tètè yẹ nọ́ńbà tiwọn wò.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan, Kétu