Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni gbogbo 'sorry'

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nínú ìwé ìròyìn yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti kà á pé ọ̀gá ìjọba kan 'tọrọ àforíjì' lọ́wọ́ àwọn tí àgbàrá òjò ya wọ ilé wọn níbí ní Àbújá. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ lórí rédíò. Sorry ló sọ, ó ń bá wọn kẹ́dùn ni. Nígbà tí mo ka tiyín tán, àfi bí ẹni pé òun ló rọ òjò.

Kì bá má ká mi lára tó báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti ná mi lówó rí.

Aránṣọ ni mí ní Kubwa. Lọ́jọ́ kan, mo dúró kí n lè yà kúrò lójú títì ńlá, ni ọkọ̀ kan bá kọlu tèmi látẹ̀yìn, gbàù! Mo sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ náà ti forí sọ gíláàsì, kókó ti so sí i níwájú orí. Kí lọmọ Yorùbá máa sọ? 'Ah, sorry sir, sorry o.' Mo tiẹ̀ gbé omi inú ike mi fún un. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó dé, ńṣe ni awakọ̀ yìí nàka sí mi: 'Òun fúnra rẹ̀ ti ní sorry. Ẹni tí kò jẹ̀bi, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?' Iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ tó fọ́, èmi ni wọ́n ní kí n san án. Bẹ́ẹ̀, màláàmù kan tó ń ta ọsàn nítòsí ti ké 'sannu, sannu' tó ìgbà mẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó ní kí òun náà dá sí owó iná.

Sannu yẹn gan-an ni pẹ̀lẹ́ wa. Hausa fi ń kí ẹni tó fara pa, ó fi ń kíni lásán, 'sannu da aiki' ló fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, bó bá sì fẹ́ kí o rọra, 'sannu sannu' náà ni. Àwa náà, pẹ̀lẹ́ la fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, 'ẹ pẹ̀lẹ́ o' la fi ń kí aládùúgbò, a sì ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ẹ̀bẹ̀ lọ́tọ̀: ẹ má bínú, ẹ forí jì mí. Àbí ẹni tó ń tọrọ àforíjì kiri là ń pè ní oníwà pẹ̀lẹ́?

Gẹ̀ẹ́sì ló kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Akọ̀wé báńkì á ní sorry, ìyẹn ni pé nẹ́tíwọ́kì ti lọ, kí o máa lọ sílé. Ẹni tí kò gbọ́rọ̀ á gbé ohùn sókè, 'Sorry?', kí o tún un wí nìyẹn. Ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọ náà á ní 'you will be sorry'!

Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ ti ara ẹ̀bẹ̀ wá. Sārig ni nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, láti ara sār, tó jẹ́ ìrora tàbí egbò. Òun náà ló bí 'sore'. (Ẹni tó bá rò pé ọmọ ìyá ni òun àti 'sorrow', ìrísí ló tàn án, ìdílé wọn yàtọ̀.) Nítorí náà, ẹni tó ní sorry fún ẹni tó forí gbá gíláàsì kò ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, ohun yòówù kí tíṣà máa wí.

Àwọn tó ni èdè pàápàá mọ̀ pé wàhálà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2006, Compensation Act tí wọ́n ṣe fún England àti Wales sọ ọ́ pé àforíjì nìkan kò tó láti fi ní ẹnì kan jẹ́wọ́ àìbìkítà. Ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà ṣe Apology Act tirẹ̀ lọ́dún 2009. Òfin méjèèjì ò kúkú dé Kubwa lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún (ẹ̀bẹ̀ gidi lèyí o) ni pé kí àwọn akọ̀ròyìn yín máa wo ohun tí ẹni tó ní sorry ṣe kí wọ́n tó kọ ọ́. Bó bá ṣẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Bí kò bá ṣẹ̀, ó bá wọn kẹ́dùn, ó bá wọn dárò. Kí ẹ sì bá mi tún ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe. Mi ò mọ ọkùnrin náà rí o. Gọ́tà tó dí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ìyẹn ló yẹ kó tọrọ àforíjì fún.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Kubwa, Àbújá.