Má Ra Bàtà Oníná Wá Lọ́dún Yìí

Ìsánlú,
Ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Ọkọ mi,

Okun o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti ń bó. Ẹsẹ̀ bàbá yín ti ń san, wọ́n ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láìmú ọ̀pá. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan kú.

Ta lo jẹ lówó?

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí WhatsApp mi. Gẹ̀ẹ́sì ni, mo bá gbé fóònù fún àbúrò rẹ kó kà á fún mi. Ó kà á dé ìdajì, ó dákẹ́. Mo ní kó parí ẹ̀. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ló fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ ní kíkún, wọ́n lẹ fọ́tò rẹ mọ́ ọn, wọ́n ní oníjìbìtì ni ọ́, pé o yá ₦85,000 lọ́wọ́ wọn o sì ti sá lọ, kí èmi tí mo mọ̀ ọ́ sọ fún ọ kó o wá san án. Èmi tí mo mọ̀ ọ́! Èmi tí mo bí ọ. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ náà, o ò gbé e. Òní ló pé ọjọ́ karùn-ún.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mo sì rò pé mo mọ ibi tí owó náà gbà lọ. Kérésì èṣí ni. O kó táblẹ́ẹ̀tì méjì wá fún àwọn ọmọ rẹ, o ra bàtà tó ń tan iná ní gìgísẹ̀ fún wọn àti fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, o ra léèsì fún mi, o gbé ìrẹsì wọlé. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ọ́. Mo jó. Àṣé owó tí mò ń jó lé lórí, owó olówó ni. Ṣé o mọ̀ pé iná bàtà yẹn kò tàn dé ọjọ́ Àjíǹde? Ojú ọ̀kan nínú táblẹ́ẹ̀tì náà ti fọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Gbèsè ẹ̀ nìkan ni kò bà jẹ́.

Ó dùn mí pé o fẹ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, ó sì ń múnú bí mi. Òmùgọ̀ wo ló ń yáwó ṣọdún? Ṣé ẹlòmíràn tún wà yàtọ̀ sí àwọn yìí? Wọ́n ní bí èèyàn bá yá ti ọ̀kan lórí fóònù, á tún yá ti òmíràn láti fi san án. Èló ni gbogbo ẹ̀? Sọ ọ́ fún mi, mi ò ní pariwo.

Kérésì yìí, má ra nǹkan tó ń dán. Fún àwọn ọmọ ní nǹkan tí yóò ṣì wà bí wọ́n bá tún fi ọdún kan dàgbà. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ní abo ewúrẹ́ kan ní Kérésì tó ṣáájú èṣí. Oṣù márùn-ún péré ni ewúrẹ́ fi ń lóyún. Wọ́n ti di mẹ́fà báyìí, ọmọ yẹn mọ iye tí òbúkọ ń lọ ju èmi lọ. Ní tèmi, mo ti so aṣọ pupa mọ́ igi kajú 10 lóko wa ní ẹ̀gbẹ́ odò, márùn-ún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣà á ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, owó ẹ̀ tiwọn ni. Tí wọ́n bá dé, kí wọ́n wá fọwọ́ kan igi wọn.

Ìwọ náà wá ra bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ fún wọn, ìyẹn owó tí èèyàn yá ìjọba tí ìjọba ń san èlé lé lórí. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là á yé mi. Láti 2017 ni wọ́n ti ń ta á fún mẹ̀kúnnù. ₦5,000 lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni èlé ń wọlé, tó bá wá pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta, bó o bá ṣe yàn án, wọ́n á dá ojú owó padà. Ọwọ́ alágbàtà tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń rà á o, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó kàn kọ̀wé sí ọ lórí fóònù. Gbogbo ìgbà tí èlé bá ti wọlé, pe ọmọ, fi hàn án, kó kọ ọ́ sínú ìwé fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n san gbèsè ná.

Mo mọ̀ pé o ó ní, ṣebí èmi náà kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ báǹkì. Òótọ́ ni. Ní 1998 tí wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì 26 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ₦112,000 bàbá yín wà nínú ọ̀kan. ₦50,000 ló pọ̀ jù tí àjọ adójútòfò owó báǹkì (NDIC) ń san fún ẹni tí owó rẹ̀ há nígbà náà, pípẹ́ ló sì pẹ́ ká tó rí i. Láti 2024, wọ́n ti sọ ọ́ di ₦5,000,000. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù tèmi di tàwọn ọmọ rẹ.

Ọdún yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ.

O rántí kóló rẹ, èyí tí o fi èédú kọ orúkọ rẹ sí lára. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́. Owó WAEC ẹ̀gbọ́n rẹ kò pé, owó bàbá yín sì ti há. Ẹ ti lọ sílé ìwé. Mo dojú kóló náà dé, mo ń fi abẹ ọ̀bẹ fa owó jáde lójú ihò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. ₦680 ni. Kó lè máa ró tó o bá mì í, mo ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀.

Mo ní màá dá a padà kó tó di Kérésì. Mi ò rí i dá padà. Lọ́jọ́ tó o fọ́ ọ, òkúta ló dà sílẹ̀. Bàbá yín na ọmọ àbúrò wọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, pé òun ló jí i. Èmi jókòó síbẹ̀, mò ń ṣa ìrẹsì ọdún, mi ò sọ nǹkan kan. Ìwọ ò sunkún. O kó àwọn òkúta náà jọ, o tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ò ń kà wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni owó kì í ti í sùn lọ́wọ́ rẹ mọ́. Mo máa ń bú ọ sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Bàbá yín kò tíì mọ̀. Màá sọ fún wọn kó o tó dé, màá sì bẹ ọmọ àbúrò wọn náà. Mo pè é lánàá, ó ti di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin ní Lọ́kọ́ja, n ò wá mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

₦30,000 wà nínú àpòòwé yìí. Kóló rẹ ni. Má fi ra nǹkan kan fún mi, fi dín gbèsè náà kù. Kó o sì pè mí. Èló ni o jẹ? Tó bá jẹ́ ká ta òbúkọ ńlá, a ó tà á. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jí rìn, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín lójú ọ̀nà Ọ̀bájánà.

Káfíńtà ti bá mi kan kóló méjì fún àwọn ọmọ rẹ. Wọ́n wà lórí àpótí aṣọ mi. Mo ti mì wọ́n wò, kò sí ohun tó ró nínú wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.