Kì í ṣe ẹ̀bi yanrìn

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹnì kan nínú ìwé ìròyìn yín tó ní tí omi fílítà bá ti ń dọ̀tí ká ṣáà pààrọ̀ yanrìn inú ẹ̀. Háà! Owó tèmi ti bá irú ìmọ̀ràn yẹn lọ.

Látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣàgámù níbí lomi kànga wa ti pọ́n, bó ṣe ń wọ fílítà náà ló ń jáde, gàrí Ìjẹ̀bú tí mo rẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àfi bíi pé omi ìfọsẹ̀ ni mo bù sí i. Plọ́ńbà wa pààrọ̀ yanrìn lẹ́ẹ̀mejì, ó gbowó lẹ́ẹ̀mejì, pàbó.

Àbúrò ìyàwó mi tó kọ́ṣẹ́ omi ló là mí lójú. Ó ní yanrìn kì í ṣe asẹ́ ògì, pé hóró ẹ̀ kan tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà, amọ̀ tó ń da omi rú sì kéré débi pé tó bá ń gba àárín yanrìn kọjá, bí èèrà tó ń gba ẹnu ọ̀nà ààfin Akárígbò ni. Àfi kó lẹ̀ mọ́ yanrìn la fi lè rí i mú. Àmọ́ iná negetifu ló wà lára àwọn méjèèjì, wọ́n á máa ti ara wọn bí ojú mágínẹ́ẹ̀tì tó jọra. Omi tí káṣíọ̀mù, ìyẹn èròjà tó wà nínú ẹfun, pọ̀ nínú ẹ̀ máa ń dín títì yẹn kù, omi òjò ò ní in. Iṣẹ́ álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tá a fi ń mú kí omi tòrò, nìyẹn, iná pọsitifu ló gbé wá.

A bu omi sí ife mẹ́ta. A ò fi nǹkan kan sí àkọ́kọ́, ó rú síbẹ̀. Èyí tá a fi álọ́ọ̀mù bíńtín sí dì wínníwínní, ó ń rọra balẹ̀. Ìkẹta tá a da álọ́ọ̀mù sí yàà, bí plọ́ńbà wa ṣe máa ń fojú díwọ̀n ẹ̀, òun náà rú! Tó bá pọ̀ jù, amọ̀ náà á di pọsitifu, wọ́n á tún máa ti ara wọn. Yàtọ̀ síyẹn, álọ́ọ̀mù máa ń sọ omi di kíkan, tí pH, ìyẹn òdiwọ̀n kíkan omi (bó bá ṣe kéré tó lomi ṣe máa kan tó), bá lọ sílẹ̀ ju 5.5 lọ, álọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ á yòrò gba inú yanrìn kọjá sẹ́nu wa.

Ní báyìí a ń fi láìmù díẹ̀, ìyẹn ẹfun lílọ̀ tó ń pa kíkan omi, sí i, a ń fi pépà yẹ̀ ẹ́ wò kí pH wà láàárín 6 sí 7. Omi ti mọ́, mò ń rí ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fílítà ń tètè dí báyìí torí amọ̀ tó ń mú, fífọ̀ ẹ̀ sì ti pọ̀ sí i.

Ẹ bá mi sọ fún ẹni yẹn kó kọ́kọ́ bu omi sífe, kó tó lọ ra yanrìn.

Èmi ni,
Bàbá onílé kan, Ṣàgámù