Abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ti gbogbo ẹni tó ń hanrun

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa abẹ́rẹ́ tuntun fún àwọn tí èémí wọn máa ń dá lójú oorun, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní sleep apnea. Ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fo ibì kan. Tirzepatide, abẹ́rẹ́ ọ̀hún tó ń dín ọ̀rá ara kù, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá, 2024, àwọn tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Ó ṣiṣẹ́ o: èémí àwọn tí wọ́n fi dán an wò ń dá tó bí ìgbà 50 ní wákàtí kan, ó sì wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì.

Baálé mi kò sanra rárá. Ṣòkòtò tó fi gbé mi níyàwó ṣì ń wọ̀ ọ́. Àgbọ̀n rẹ̀ ló kéré tó sì tì sẹ́yìn, tó ń fún ọ̀nà èémí rẹ̀ pa, dókítà ló fi hàn mí. Á hanrun títí, á dákẹ́ lójijì, èmi náà á sì dá èémí dúró títí yóò fi mí kanlẹ̀. Ìbàdàn sí Kano ló ń wa ọkọ̀. Kọndọ́ rẹ̀ ní ṣe ni òun máa ń sọ ìsọkúsọ lójú ọ̀nà kí bàbá má baà tòògbé.

Ẹ̀rọ tí Colin Sullivan gbé jáde ní Sydney ní 1981, tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú kí ọ̀fun má baà pa dé, ni wọ́n kọ fún un. Ó dára, àmọ́ iná ló ń lò mọ́jú. Iná wo, ní Mọ́níyà? Tó bá sì dé Kano, inú ọkọ̀ ló ń sùn.

Oògùn oníhóró ni kí ẹ bá wa tọpinpin. Ní 2025, àwọn oníwàdìí ní Yúróòpù, tí ará Yunifásítì Gothenburg wà lára wọn, gbé àbájáde jáde lórí sulthiame, oògùn wárápá àtijọ́. Kì í ṣe ọ̀rá ló ń bá jà, bí ara ṣe ń darí mímí ló ń tún ṣe, ìdádúró èémí sì dín kù gan-an. Wọn ò tíì fọwọ́ sí i fún àìsàn yìí, kí ẹnikẹ́ni má lọ máa bi kẹ́místì o.

Àwọn awakọ̀ ní gáréèjì ti ka ìwé yín fún baálé mi. Wọ́n ní oníkùn ńlá nìkan ni àìsàn yìí ń ṣe, pé kó yéé dààmú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń ṣe ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ náà.

Ìyá Ìbejì,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.