Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ní òun fẹ́ máa sin Ọlọ́run tòun jẹ́jẹ́

Àbúrò mi,

Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa wà ńbí, òjò ò tíì dé dáadáa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí náà láfún ń gbẹ lórí àpáta bó ṣe yẹ, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lọ́jọ́ ọdún Àjíǹde nígbà tá a jókòó sí fàráńdà bàbá, mi ò fẹ́ dá ẹ lóhùn lójú àwọn àlejò. O ní "Àǹtí mi, oníkálukú ló mọ ohun tó ń sìn, ẹ jẹ́ kí n máa sin Ọlọ́run tèmi jẹ́jẹ́." Gbogbo èèyàn ń mirí, ó dùn létí, ó sì jọ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gbádùn, torí èmi náà ti sin Ọlọ́run jẹ́jẹ́ rí, mo sì fẹ́ sọ ohun tójú mi rí nídìí ẹ̀ fún ẹ. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

O mọ Ìyá onírú tá a jọ wà lọ́jà, òun ló máa ń di irú fún ẹ tó o bá wálé pé kó o gbé e fún ìyàwó ẹ. Ọdún mọ́kànlá la fi jókòó tira wa, páànù kan náà ló bo ìsọ̀ àwa méjèèjì. Tó bá dìde lọ ibì kan èmi ni mo máa bá a tajà, tí mi ò bá ní ṣéńjì inú àpò ẹ̀ ni mo máa tọwọ́ bọ̀ láì tọrọ ààyè. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni àbígbẹ̀yìn mi ti máa ń sùn lọ́sàn-án, tó jẹ́ pé tá a bá délé aṣọ ọmọ náà á máa rùn irú, mo máa ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ. Kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kì í lọ mọ́ṣáláásí, ṣùgbọ́n ó ń bá gbogbo wa ṣọdún, tó bá ṣe Iléyá ó wà níbẹ̀, tó bá ṣe Kérésì ó wà níbẹ̀.

Láràárọ̀ tí mo bá ti ká tapólì kúrò lórí ọjà, kí n tó bu kóńgò àkọ́kọ́, mo máa ń gbọ́wọ́ lé etí igbá èlùbọ́ mi, mo á dijú, mo á bá Olúwa sọ̀rọ̀. Kì í pẹ́, ṣùgbọ́n nígbà míì omi á ti bọ́ lójú mi kí n tó ṣe tán. Lọ́jọ́ kan ó ń di irú sínú ewé, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní "Ẹlẹ́lùbọ́, ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ gan-an? Torí tẹ́ ẹ bá ti lajú, ojú yín kì í jọ ti ìgbà tẹ́ ẹ dé mọ́."

Ṣé o gbọ́ ìbéèrè yẹn? Mi ò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni o, òun ló ṣí tiẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Kí ni mo wá sọ? Mo ní "Àdúrà kí ọjà tà ni jàre, Ìyá." Ó ní "Ẹ bá mi fi tèmi náà sí i." Mo ṣe àmín, ọ̀rọ̀ tán.

Irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe torí ọjà ni mo ṣe ń sunkún. Ọdún tí ọmọ mi kejì kú nìyẹn, ìwọ náà mọ bí mo ṣe rí, Jésù nìkan ló ń gbé mi dìde lórí ẹní láàárọ̀ tí mo fi ń rí aṣọ wọ̀. Mo mọ ẹni tó gbé mi ró, mo mọ orúkọ ẹ̀, ìyá tó gbé ọmọ mi pọ̀n wá bi mí léèrè ẹni náà, mo fi í pamọ́ fún un. Mo ń bẹ̀rù pé ó máa rò pé mo fẹ́ fà á wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé àárín wa ò ní gún mọ́. Àti pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an mo ti bá kọ́sítọ́mà kan jà lójú ẹ̀ nítorí igba náírà, mo ní ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ̀rọ̀ Jésù.

Kò béèrè mọ́.

Ìgbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ ikọ́, àwọn ọmọ ẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn lọ́nà Ìlọrin. Mo ní mo máa lọ wò ó, mo ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjà dé, ìpàdé ẹgbẹ́ dé, àìsàn ọmọ dé. Tapólì bo ìsọ̀ ẹ̀ fún bí oṣù méjì. Ìgbà tó yá ọmọ ẹ̀ obìnrin wá kó igbá àti ewé tó kù, ó jókòó sórí àpótí ìyá ẹ̀, ó ní "Màmá béèrè yín o, kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní ká bá àwọn pe ẹlẹ́lùbọ́ kó wá gba àdúrà tó máa ń gbà yẹn fún àwọn." Nọ́ńbà mi wà nínú fóònù ìyá, fóònù náà ti kú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti lè rí mi.

Mi ò sọ pé mo mọ ibi tí ìyá yẹn wà báyìí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, aláàánú sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè, ẹ̀ẹ̀mejì ni kò rí ìdáhùn, èmi tí ìdáhùn wà lọ́wọ́ mi mo jókòó tì í.

Àbúrò mi, báwo ni ọ̀rọ̀ yìí ṣe délé tiwa ná? Ṣebí egbò ẹsẹ̀ ló gbé bàbá tó bí bàbá wa lọ sí ọsibítù Onítẹ̀bọmi, èyí tí Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ ńbí ní 1907. Bàbá wa máa ń sọ ọ́ pé kì í ṣe dókítà ló bá bàbá àwọn sọ ọ̀rọ̀ Jésù, ọkùnrin kan tó ń bá wọn fọ egbò ni, ọmọ ìlú wa ńbí, tó máa ń kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó ń rùn yẹn láràárọ̀, á máa fọ̀ ọ́, á máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. A ò mọ orúkọ ẹ̀. Ká ní ọkùnrin yẹn fẹ́ máa sin Ọlọ́run tiẹ̀ jẹ́jẹ́, egbò á kàn jinná, bàbá á gba ilé lọ ni.

O tún ní òyìnbó ló kó ẹ̀sìn Jésù wá. Lóòótọ́ Bowen, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi, wá láti Amẹ́ríkà, 1855 ló dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n Àjàyí Crowther ńkọ́? Ọmọ Òṣóògùn ni, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí náà. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀, ó di ọmọ Sàró ní Sierra Leone, ó di àlùfáà, ní 1846 ó wá rí ìyá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn dira àwọn mú, àwọn ń wora àwọn láì lè sọ̀rọ̀. Mo máa ń rò ó pé, ìyá tó ti sunkún ọmọ ẹ̀ tó báyẹn, kí ni ọmọ náà lè gbé fún un tó máa tó? Ó sọ ẹni tó yọ òun fún un. Ní 1848 ìyá náà wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó rìbọmi ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ló sọ fún ìyá, pẹ̀lú èdè tá a fi ń sọ̀rọ̀ yìí, òun náà ló tún ṣáájú àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá. Ṣé ti òyìnbó náà nìyẹn?

Mi ò ní kó o gbé mẹ́gáfóònù wọ mọ́tò Ìwó Road o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò kẹ́gàn àwọn tó ń ṣe é. Mi ò sì ní kó o bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Àbúrò bàbá wa Alhaja ló sanwó ilé-ìwé mi nígbà tí ọwọ́ bàbá ò tó o, ta ló máa wá jókòó síwájú wọn kó máa sọ̀sọkúsọ? Pétérù náà sọ ọ́, pé ká múra láti dáhùn ẹni tó bá bi wá léèrè ìrètí tó wà nínú wa, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọkàn tútù. Kì í ṣe pé o máa fagbára mú un gbà, gbígbà kì í ṣe iṣẹ́ tìẹ. Afọ́jú tí Jésù là lójú, àwọn Farisí ń da ìbéèrè bò ó, kò mọ̀wé tó wọn, ó ní ohun kan lòun mọ̀, òun ti fọ́jú rí, òun ríran báyìí. Ìwọ náà ní ohun kan tó o mọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún tí ọtí fẹ́ ba ayé ẹ jẹ́, mo mọ òru tó o kúnlẹ̀ sí yàrá mi. Ta lo ti sọ ìyẹn fún rí?

Mo ń béèrè nítorí ọ̀rẹ́ ẹ ọ́fíìsì yẹn. O ní láti ìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kó lọ kì í lè sùn, pé ó máa ń pè ẹ́ láago méjì òru pé kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. O ń rẹ́rìn-ín nígbà tó o ń sọ ọ́ fún wa. Àbúrò mi, ṣé bọ́ọ̀lù lo rò pé ó ń bá ẹ sọ?

Mo fi èlùbọ́ kóńgò mẹ́rin ránṣẹ́, dẹ́rẹ́bà máa pè ẹ́ tó bá ti dé Ìwó Road lọ́la. Méjì tìẹ, méjì ti ọ̀rẹ́ ẹ yẹn. Má fi rán ọmọ sí i, gbé e lọ fúnra ẹ, tó bá ní kó o jókòó, jókòó.

Àǹtí ẹ.