Lẹ́tà sí ẹni tó ni àwo jáàsì yìí kó tó di tèmi

Ẹ̀yin àgbà mi tí mi ò mọ̀,

Mi ò mọ̀ bóyá bàbá ni yín tàbí ìyá, mi ò sì mọ ibi tí ẹ wà báyìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orin kẹta lójú kìíní lẹ fẹ́ràn jù, pé ẹ máa ń fi pẹ́ńsù sàmì sẹ́yìn páálí àwo, àti pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yín ti gbó kọjá èyí tó yẹ kéèyàn fi gbọ́ orin. Ẹ má bínú pé mo gbé ẹjọ́ ṣíwájú ìkíni. Ẹ kú ilé o. Ẹ sì kú ìtọ́jú àwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtọ́jú náà kù díẹ̀ káàtó.

Àwo Art Blakey onílù jáàsì àti àwọn Jazz Messengers ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mò ń wí, nọ́ńbà 4003 ti ilé iṣẹ́ àwo Blue Note, èyí tí gbogbo ayé padà sọ ní Moanin' nítorí orin tó ṣíwájú nínú rẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1958 ni wọ́n ká a sílẹ̀, ní pálọ̀ àwọn òbí Rudy Van Gelder, ẹni tó ń ká orin sílẹ̀, ní Hackensack, New Jersey. Ọ̀rọ̀ pálọ̀ yìí kì í sú mi. Ọkùnrin tó ń yẹ ojú àwọn èèyàn wò lójú mọmọ, tó ń fún wọn ní awò ojú, òun náà ló máa ń to maíkù síwájú àwọn ọ̀gá olórin nínú ilé tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọmọ ogún ọdún péré ni Lee Morgan tó fọn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

Ẹni tó ta àwo yín fún mi ń bẹ̀bẹ̀ nítorí àmì pẹ́ńsù yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni òfin àwa tí à ń kó àwo jọ: bí wọ́n bá ti kọ nǹkan sára rẹ̀, iye rẹ̀ ti já nìyẹn. Àwa la máa ń gbé àwo sábẹ́ iná, tí à ń wá lẹ́tà RVG níbi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà àárín, láti mọ̀ pé Van Gelder fúnra rẹ̀ ló gé ìlà orin rẹ̀. A tún ń wá àmì kékeré kan tó jọ etí, èyí tí ilé iṣẹ́ Plastylite máa ń fi sára àwo tí wọ́n bá tẹ̀ fún Blue Note láyé ìgbà náà. Mo wá a lára tiyín, mo rí i, inú mi sì dùn bí inú ẹlòmíràn ṣe máa ń dùn. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn kan tó jẹ́ pé lẹ́yìn àmì wọ̀nyí, ó parí. Wọ́n á ra àwo tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì já, wọn ò sì ní já a láéláé. Páálí ni irú wọn rà, wọn ò ra orin. Tiyín, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ.

Bí mo bá dẹ àwo náà sí ìmọ́lẹ̀, Moanin' fúnra rẹ̀ ṣì ń dán, dúdú minijọ̀. Are You Real ń dán díẹ̀. Tí ojú bá wá dé Along Came Betty, orin kẹta yẹn, ó ti ṣá, ó ti di àwọ̀ eérú. Ibẹ̀ náà ló sì burú jù láti ba àwo jẹ́, torí orin tó gbẹ̀yìn kì í rí àyè tó bí ti àkọ́kọ́. Àwo ń yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, kì í yára sí i, kì í sì í falẹ̀. Àmọ́ etí rẹ̀ fẹ̀, àárín rẹ̀ sì há. Ní etí, abẹ́rẹ́ ń rìn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; tó bá fi máa dé ẹ̀bá bébà, kò ju nǹkan bí 20 lọ mọ́. Ohùn tó yẹ kó na ẹsẹ̀ á wá máa ká jọ. Àwo tuntun pàápàá, ohùn rẹ̀ máa ń fẹ́ há díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá gbé abẹ́rẹ́ tó ti gbó lé e léraléra, pẹ̀lú apá ẹ̀rọ tó dájú pé ó wúwo.

Mo fọ̀ ọ́. Omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ jọ, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, mo sì ń tẹ̀ lé ìlà rẹ̀ yíká, mi ò dá a ní ìbú. Ìdọ̀tí tó jáde kò kéré. Ìdajì ariwo bá a lọ, ìdajì ṣẹ́ kù, torí ohun tí abẹ́rẹ́ bá ti gé lọ, kò sí omi tó lè dá a padà. Ojú ibi tí nǹkan ti ha á kan ṣì wà tó dá a kọjá, tó ń dún “kà” ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 1.8, ìgbà tí àwo bá ti yí ẹ̀ẹ̀kan. Kò bá ìlù Blakey mu rárá. Blakey ń lu tiẹ̀, àwo ń lu tirẹ̀.

Síbẹ̀ ẹ jàre lórí orin kẹta yẹn. Moanin' dáa, ta ni yóò jiyàn? Bobby Timmons á fi dùùrù pè, àwọn tó kù á ṣe àmín. Àmọ́ kò síbi téèyàn ò ti gbọ́ ọ. Betty ni Benny Golson tó fọn sasofóònù kọ bí ẹni tí kò kánjú. Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti sasofóònù jọ ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀kan ò ju ọ̀kan, Blakey tó lè fi ìlù wó ògiri sì fọwọ́ wọ́nú. Ẹ̀yin lẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ orúkọ Jymie Merritt tó ta béèsì. Ìlà yẹn ló gbé etí mi lọ sísàlẹ̀. Kì í ṣe àṣehàn kankan, ó kàn ń rìn lọ ni, ohùn kọ̀ọ̀kan yíká, ó nípọn, ó sì ń dúró de èyí tó kàn. Ní báyìí, bí mo bá gbé àwo jáàsì èyíkéyìí sórí ẹ̀rọ, béèsì ni mo kọ́kọ́ ń wá. Ará Philadelphia ni Merritt, Golson, Morgan àti Timmons, gbogbo wọn pátá; ó dà bíi pé wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ tipẹ́.

Ibi tí mi ò ti gbà pẹ̀lú yín ni ojú kejì. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kàn án! The Drum Thunder Suite, tí Blakey ti fi ọ̀pá olórí rírọ̀ lu ìlù, ṣì mọ́ tónítóní níbẹ̀. Àǹfààní wá ni ó ṣe fún mi, ẹ ṣé.

Mo tún ní àwo yín kan sí i. Inú àpótí kan náà ni mo ti bá a, àmì pẹ́ńsù kan náà ló sì wà lẹ́yìn páálí rẹ̀: The African Beat, tí Blakey ṣe ní 1962. Ó jọ pé ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá a padà sápò. Àmì ìbéèrè lẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Curtis Fuller. Òun náà ni, ẹ̀yin àgbà mi, Fuller tó ń fọn tròńbóònù. Ìlù tìmpánì ló lù nínú àwo yìí, kò gbé tròńbóònù rárá. Yusef Lateef náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fèrè àti ìwo màlúù, ọkùnrin tó padà wá ṣiṣẹ́ ní Fásitì Ahmadu Bello ní Zaria ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Ẹni tó ń kọrin, tó sì ń lu gángan, ni Solomon Ilori, ọmọ Nàìjíríà. Èdè mi ló fi ń kọrin. Bóyá ìdí tí ẹ fi tètè gbé e kúrò nìyẹn, mi ò lè bá yín jà sí i; èmi náà kì í pẹ́ lórí àwo tí wọ́n bá ń fi èdè tí mi ò gbọ́ kọrin. Àmọ́ etí tó gbọ́ Merritt lábẹ́ gbogbo fèrè yẹn á gbádùn bí àwọn onílù yìí ṣe pín ọ̀rọ̀ láàárín ara wọn. Mo ti ń gbọ́ ọ dípò yín. Bí ẹ bá tún rí òmíràn rà, ẹ fo àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ná, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ sórí Ayiko Ayiko.

Èmi tí àwo yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.