Omi àti ibòòji ná, kí á tó dé orí àgbo màlúù

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín nípa àwọn tó ń po ewé àti egbò mọ́ oúnjẹ màlúù kí wàrà má baà gbẹ nígbà ooru. Ó dùn mọ́ mi pé ẹ rántí àwa tó ń sin ẹran ní Òkè Ọya. Àmọ́ bí ẹ ṣe gbé e kalẹ̀, èèyàn á rò pé ìgò àgbo kan péré ló kù kí màlúù Àbújá máa fún wa ní wàrà bíi ti ilẹ̀ Holland.

Ooru oṣù kẹta sí oṣù kẹrin níbí kì í ṣe eré. Màlúù sì ti ní iná tirẹ̀ nínú: bí koríko ṣe ń rà ní ikùn rẹ̀ ló ń mú ooru jáde. Bí ìta bá tún gbóná lé e, oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ dín kù, wàrà á sì tẹ̀lé e. Á máa mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ á máa dà nù lẹ́nu rẹ̀, itọ́ tó yẹ kó máa pa kíkan inú ikùn. Káún tí àwọn Fúlàní ń gbé kalẹ̀ fún màlúù wọn lá ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ìgò fún wọn.

N kò sọ pé ewé kò wúlò. Ní Íńdíà, wọ́n ń lo ashwagandha (egbò kan), amla (èso kan) àti tulsi, ewé tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí efinrin wa, fún ẹran tó ń fún wàrà, nítorí èròjà inú wọn ń dín jàǹbá tí ooru ń ṣe fára ẹran kù. Tiwa náà wà níbí: zogale, ìyẹn mòríńgà, wà létí ọgbà káàkiri Kúje, màlúù sì ń jẹ ẹ́ dáadáa. (Ẹ má dárúkọ ata-ilẹ̀ fún mi. Látìgbà tí àrùn ti ba oko rẹ̀ jẹ́ ní gúúsù Kàdúná lọ́dún 2023, ta ló máa rà á fún màlúù?) Ṣùgbọ́n ewé ní ìwọ̀n. Bí aáyù bá pọ̀ jù, òórùn rẹ̀ á wọnú wàrà, kò sì sí oníbàárà tó máa fi nónò olóòórùn aáyù po fúrá. Àpọ̀jù àlùbọ́sà tiẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ màlúù jẹ́, ó lè pa á.

Ìgò tí wọ́n ń tà lọ́jà wa ńkọ́? Àwòrán màlúù òyìnbó dúdú-funfun ló wà lára èyí tí mo gbé yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ màlúù funfun oníwo gígùn ni ẹni tó fẹ́ rà á ní. Wọ́n ní ó ń wo ooru, aràn àti oyún tó ń wálẹ̀. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí orúkọ ewé kan ṣoṣo, kò sì sí ìwọ̀n.

Nínú 100 kílò wàrà, bíi kílò 87 omi ni. Ẹ wá wo ìdí kòtò omi kan lọ́nà Gwagwalada ní ọ̀sán gangan: màlúù tò lọ rẹrẹ, ọmọ kan ń fi garawa fà á sókè díẹ̀díẹ̀, àwọn tó dé gbẹ̀yìn ń lá ẹrẹ̀. Kí ni àgbo fẹ́ ṣe fún ìyẹn? Láti oṣù keje ọdún 2024 la ti ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí wọ́n gbin dogoyárò síbi ìjẹko, kí wọ́n tó máa kó màlúù òyìnbó wọlé, torí àwọn yẹn kò lè fara da ooru bíi tiwa.

Ẹni tó ní màlúù lónìí, kó dúró ti ẹran rẹ̀ lọ́sàn-án, kó ka bí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ ṣe ń mí. Bó bá ju 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ooru ti mú un. Kó wá ibòòji àti omi fún un, kó sì fi oúnjẹ tó pọ̀ sí ìrọ̀lẹ́.

Bí akọ̀ròyìn yín bá padà lọ bá àwọn tó ń ta àgbo yẹn, kó bi wọ́n pé oṣù wo ni wọ́n dán an wò. Bó bá jẹ́ oṣù kẹjọ ni, òjò àti koríko tútù ló mú wàrà wá.

Èmi ni tiyín,
Olùsìn màlúù kan,
Kúje, Àbújá.